Yìnni-Yìnni Kí Ẹni Lè Ṣe Mìíràn: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Tí Ó Ń Bá Ẹ̀fọn Jagun Fún Wa

Àwa Yorùbá a máa bu ọlá fún ẹni tí ó bá ṣẹ́gun. Bí jagunjagun bá ti ojú ogun dé, ìlù a dún. Bí ọmọ ẹni bá kàwé gboyè, a pa màlúù. Bí olóṣèlú bá wọlé ìbò, tọmọdé tàgbà a jó yí ìlú ká. Èyí dára púpọ̀, nítorí àwọn àgbà ní, "Yìnni-yìnni kí ẹni lè ṣe mìíràn." Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan wà tí ó ti ń jà fún wa láti ọjọ́ pípẹ́, tí onílù kankan kò kì wọ́n, tí ọba kankan kò ránṣẹ́ pè wọ́n sí ààfin. Ọ̀tá tí wọ́n ń bá jà kò ní ìbọn, kò ní idà. Orin ni ó máa ń kọ sí wa létí kí ó tó gún wa lára. Ẹ̀fọn ni ọ̀tá náà. Àwọn dókítà ìmọ́tótó ìlú àti àwọn wolé-wolé ni ọmọ ogun náà. Ọ̀rọ̀ wọn ni a fẹ́ bá ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, pàápàá jù lọ ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ń gbé ní Pápálántò, Ìtòrí, Ewékorò, Ifọ̀ àti gbogbo abúlé tí ó yí wọn ká.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé ti àwọn ọdún àìpẹ́ yìí fi hàn pé nínú gbogbo 100 ènìyàn tí ibà ẹ̀fọn ń pa ní gbogbo ayé, nǹkan bí 30 ni ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, nínú ẹni 4 tí ibà bá pa, nǹkan bí 3 ni ó jẹ́ ọmọdé tí kò tí ì pé ọdún 5. Bí ó bá jẹ́ pé ogun ni ó ń kó wa lọ́mọ báyìí, ta ni yóò fi orí lé ìrọ̀rí nínú wa? Ẹ sì wo bí ọ̀tá yìí ti gbọ́n tó: ìgbà òjò, tí ó yẹ kí àgbẹ̀ wà lóko láti gbin àgbàdo, kí ó sì ro ẹ̀gẹ́, ni ẹ̀fọn ń bí sí i, tí ibà ń dá àwọn òṣìṣẹ́ oko dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Owó tí ó yẹ kí a fi sanwó àwọn alágbàṣe ni a fi ń ra oògùn.

Ní ayé àtijọ́, kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ibà ti ń wá. Àwọn kan nínú wa ní oòrùn ni ó ń fà á, àwọn mìíràn ní àjẹjù epo ni. Kí òyìnbó má sì fi wá rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn náà gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú tí ń jáde láti inú irà ni. Ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n sọ ibà náà, malaria, ní èdè àwọn ará Ítálì gan-an ni "afẹ́fẹ́ burúkú". Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 1897, Ronald Ross, dókítà àwọn ọmọ ogun ní ilẹ̀ Índíà, rí kòkòrò àìfojúrí tí ń fa ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Ní ọdún 1899 ó wá sí Freetown ní Sàró láti wá irú ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri ní ìhà tiwa, ó sì rí i. Ní ọdún 1902 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Láti ìgbà náà ni ayé ti mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ mú ibà kúrò ní ìlú gbọ́dọ̀ lọ bá ẹ̀fọn nínú omi tí a ti ń bí i.

Ìlú Èkó kò gbẹ́yìn nínú ogun náà. William MacGregor, tí ó jẹ́ gómìnà ní Èkó láti ọdún 1899 dé 1904, jẹ́ oníṣègùn kí ó tó di gómìnà. Ó pín kuníìnì fún ará ìlú, ó sì mú kí a gbẹ́ ipadò tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, láti fa omi irà tí ó wà láàrin Èkó àti Ìkòyí. Ní àkókò náà gan-an, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń gba ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn pé kí àwọn òyìnbó kó kúrò láàrin àwọn ènìyàn dúdú, kí ẹ̀fọn tí ó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ dúdú má baà gbé ibà dé ọ̀dọ̀ wọn. MacGregor kò gbà. Èrò tirẹ̀ ni pé kí a lé ibà kúrò lára gbogbo ará ìlú, funfun àti dúdú. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ya Ìkòyí sọ́tọ̀ fún àwọn òyìnbó. A ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀nà méjì ti wà láti bá ẹ̀fọn jà: ọ̀nà tí ọlọ́rọ̀ fi ń sá kúrò lọ́dọ̀ tálákà, àti ọ̀nà tí a fi ń wo ìlú sàn lápapọ̀. Ọ̀nà kejì nìkan ni ó yẹ ọmọlúàbí.

Àwọn kan sì kú sí ojú ogun yìí. Ẹ̀fọn irú mìíràn, tí ń gbé inú àmù àti agolo, ni ó ń gbé ibà pọ́njú kiri. Ní ọdún 1925 ni àwọn oníwádìí tí Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà rán wá dé sí Yábàá láti wádìí àrùn náà. Adrian Stokes, dókítà ọmọ ilẹ̀ Írélándì, kó o lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kú ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1927. Hideyo Noguchi, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànì, kú ikú kan náà ní Àkrá ní oṣù Karùn-ún ọdún 1928. Lára ohun tí irú wàhálà bẹ́ẹ̀ bí ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a rí ní ọdún 1937, èyí tí a ṣì ń gún fún àwọn ọmọ wa títí di òní.

Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ ki jù lọ jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1892 ni a bí Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Isaac Olúwọlé. Nígbà tí a ṣí King's College ní Èkó ní ọdún 1909, òun ni olórí àkọ́kọ́ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀. Ó lọ sí Yunifásítì Glasgow ní ọdún 1913, ó sì gba oyè dókítà ní ọdún 1918. Nígbà tí ó padà dé, Abẹ́òkúta, olú ìlú àwa Ẹ̀gbá, ni ó ti kọ́kọ́ ń wo aláìsàn. Bí ó bá jókòó sí ibẹ̀, ọ̀nà ọrọ̀ là fún un. Dókítà tí ó wo ọmọ ẹni sàn yóò gba owó, yóò gba adìẹ, yóò gba iṣu, yóò sì gba àdúrà lé e. Ẹni tí ó dí ọ̀nà tí àìsàn ìbá gbà wọlé ńkọ́? Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó ṣe nǹkan kan.

Iṣẹ́ tí a kì í dúpẹ́ rẹ̀ yìí ni Dókítà Olúwọlé yàn. Láàrin àwọn ọdún 1920 ó di ọmọ dúdú àkọ́kọ́ tí a fi ṣe dókítà ìlera ìlú ní Èkó. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ń pa àwọn ènìyàn nígbà náà, láti ọdún 1924 títí dé nǹkan bí ọdún 1930. Ó tún ètò ìmọ́tótó èbúté àti ti ìlú ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ìlera fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, òun ni a ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí olùdásílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ní Yábàá, níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti ìhà gbogbo ní Nàìjíríà ti kọ́ iṣẹ́ wolé-wolé. Ó kú ní ọdún 1953. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ń pè é ní baba ìlera àwùjọ ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, bí a bá dúró ní gbàgede ọjà Pápálántò lónìí, tí a bi àwọn ọ̀dọ́ pé ta ni Ládípọ̀ Olúwọlé, a bẹ̀rù pé orúkọ agbábọ́ọ̀lù òyìnbó yóò yá wọn lẹ́nu ju orúkọ rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń ṣe. Abo ẹ̀fọn ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀, kí ó lè fi bọ́ ẹyin rẹ̀. Orí omi tí ó dúró ni ó ń yé e sí. Ẹyin a pa, a di tanwíjí. Tanwíjí a máa jẹun nínú omi, a sì máa gòkè wá sí ojú omi láti mí. Láàrin nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, a di ẹ̀fọn, a fò. Nítorí náà ni wolé-wolé fi ń wọ agbolé, tí ó ń ṣí ìdérí àmù, tí ó ń yọjú wo ẹ̀yìn ilé ìdáná, tí ó ń da agolo dorí kodò, tí ó ń da epo sí ojú omi tí a kò lè fà, kí tanwíjí má lè rí èémí mí. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Tanwíjí tí a bá dà nù kúrò nínú ìkòkò kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kò náni ní kọ́bọ̀. Bí ó bá di ẹ̀fọn tán, ilé ìwòsàn ni yóò máa gba owó wa.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, "Ṣé wolé-wolé tí ń da àwọn ìyá wa láàmú ni ẹ fẹ́ kì?" Ọ̀rọ̀ náà ní òtítọ́ nínú. Àwọn baba wa sọ fún wa bí abúlé ti ń tú ká nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé wolé-wolé ń bọ̀. Ìjọba àjèjì ni ó rán an. Ìwé ìpè sí kóòtù ni ó mú lọ́wọ́. Kò ṣàlàyé, owó ìtanràn ni ó ń gbà. Àwọn mìíràn nínú wọn sì sọ aṣọ kakí di ohun tí wọ́n fi ń gba ẹyin àti àkùkọ lọ́wọ́ opó. Àwa kò ní bo èyí mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí adájọ́ kan bá gba rìbá, a kì í torí rẹ̀ wó ilé ẹjọ́. Ẹ̀bi ìjọba tí kò bá ará ìlú gbèrò kí ó tó ṣòfin ni èyí tí ó pọ̀ jù. Lónìí, àwa ni a ni ìlú, àwa ni a ń dìbò yan káńsílọ̀. Bí wolé-wolé bá tún wọlé wa, ọmọ wa ni, àwa ni a rán an, a sì lè pè é wá jíhìn níwájú ìpàdé ìlú.

Ẹ̀rí tí ó fi hàn pé a kò gbọdọ̀ dá iṣẹ́ yìí dúró kò jìnnà sí wa rárá. Ẹ gba ọ̀nà tí ó yà ní Pápálántò, ẹ ó sì dé Ìlaròó. Ní nǹkan bí ọdún 1949 sí àwọn ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn 1950, ìlú Ìlaròó ni àwọn oníṣẹ́ ibà ti ìjọba ti dán ọgbọ́n titun wò: wọ́n ń fín oògùn sára ògiri inú ilé, kí ẹ̀fọn tí ó bá bà sí ibẹ̀ lẹ́yìn tí ó mu ẹ̀jẹ̀ tán lè kú. Leonard Bruce-Chwatt ni ó jẹ́ aṣáájú iṣẹ́ náà. Ìlú Łódź ní ilẹ̀ Pólàǹdì ni a ti bí i ní ọdún 1907. Ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1946, ó sì lo nǹkan bí ọdún 12 níbí kí ó tó lọ ṣiṣẹ́ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva. Títí ó fi kú ní ọdún 1989, ọ̀rọ̀ ibà ni iṣẹ́ rẹ̀. A kí i, ọmọ àlejò tí ó bá wa ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn. A sì kí àwọn ọmọ Yorùbá tí ó bá a gbé ẹ̀rọ ìfínko oògùn kọ́ èjìká láti ilé dé ilé, tí a kò kọ orúkọ púpọ̀ nínú wọn sí ibi tí ará ìlú lè kà á.

Ṣùgbọ́n ṣé ibà ti kúrò ní Ìlaròó? Kò kúrò. Ogun ẹ̀fọn kò rí bí ogun tí a fi ìwé àdéhùn parí. Ó dà bí oko ríro: bí a bá ro ó lónìí tí a kò padà síbẹ̀, èèsún ni yóò gbà á. Àgbẹ̀ nìkan ni ó lè mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí dáradára. Ẹ̀fọn sì ti kọ́ láti fara da púpọ̀ nínú àwọn oògùn tí ń pa á tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni a fi sọ pé ọlá tí ó yẹ ẹni tí ó fi ayé rẹ̀ bá ẹ̀fọn jà kò lè jẹ́ ère òkúta nìkan. Bí a bá gbé ère rẹ̀ kalẹ̀, tí òjò sì rọ̀ sínú kòtò tí ó wà ní ẹsẹ̀ ère náà, tanwíjí ni yóò máa jó níbẹ̀, yóò sì máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọlá rẹ̀ ni pé kí iṣẹ́ náà má ṣe dáwọ́ dúró.

Ẹ wo Pápálántò fúnra rẹ̀. Ojú ọ̀nà ni ìlú wa. Rélùwéè àtijọ́ tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 gba ìhà yìí kọjá; ti titun tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní ọdún 2021 náà ní ibùdókọ̀ níbí, wọ́n sì fi orúkọ Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì pè é. Láti ọdún 1960 ni a ti ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, tí a ń wú òkúta ẹfun láti inú ilẹ̀. Gbogbo èyí mú iṣẹ́ wá, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí a bá ti wú ilẹ̀ tí a kò dí i, omi òjò yóò dúró síbẹ̀, oòrùn yóò sì ràn sí i. Irú omi tí oòrùn ń ràn sí báyìí gan-an ni ẹ̀fọn ibà fẹ́ràn jù. Ipa ẹsẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tí ó jin sínú ẹrẹ̀ tó fún un láti bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ. Kí a tó na ìka sí ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí a wo ti ara wa pẹ̀lú: táyà tí a jù sí ẹ̀yìnkùlé, èèpo kòkó tí a dà jọ sí oko tí omi ń dúró sínú rẹ̀, ìkòkò tí a ti rẹ ẹ̀gẹ́ tí a kò dà nù, dúrọ́ọ̀mù omi òjò tí kò ní ìdérí.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè kò le. Èkíní, kí ìjọba ìbílẹ̀ gba òṣìṣẹ́ ìlera àyíká tí ó tó, kí ó san owó oṣù wọn ní àsìkò, kí ó sì fún wọn ní irin iṣẹ́, kí ó má jẹ́ pé bébà àti ìwé ìtanràn nìkan ni wọn yóò máa gbé kiri. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ gọ́tà àti kíkó pàǹtí sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn alága káńsù ti máa ń sọ tẹ́lẹ̀ pé owó kì í dé ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nàìjíríà ṣe ìdájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa lọ sí ìpàdé káńsù, kí ẹ sì béèrè pé: wolé-wolé mélòó ni a ní, kí ni wọ́n ṣe ní oṣù tí ó kọjá?

Èkejì, kí a fi í sínú ìwé àdéhùn ẹnikẹ́ni tí yóò bá wú ilẹ̀ wa, ìbáà ṣe fún ọ̀nà, fún rélùwéè tàbí fún òkúta, pé yóò dí kòtò rẹ̀ tàbí yóò la ọ̀nà fún omi inú rẹ̀ kí ó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ àwa fúnra wa. Nítorí pé ó ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ kí ẹyin tó di ẹ̀fọn, òwúrọ̀ ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀ ti tó fún agbolé kọ̀ọ̀kan láti da omi tí ó dúró nù, kí a bo àmù, kí a dí kòtò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ìjọba kò lè wọ inú yàrá gbogbo wa, àwa náà kò lè gbẹ́ gọ́tà ìlú pẹ̀lú ọkọ́ ìroko.

Bí ẹnìkan bá ní àwọ̀n ẹ̀fọn ti tó, tàbí pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà ti dé sí Nàìjíríà láti ọdún 2024, a ó dá a lóhùn pé ohun rere ni méjèèjì. Kí ẹni tí ó bá rí àwọ̀n ta á, kí ẹni tí abẹ́rẹ́ bá kàn má ṣe pa á tì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn kò torí rẹ̀ fi olè sílẹ̀ kí ó máa bímọ sí àgbàlá. Àwọn erékùṣù Cape Verde, tí wọ́n jẹ́ ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bíi tiwa, bọ́ lọ́wọ́ ibà pátápátá. Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Íjíbítì tẹ̀lé e ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà. Wọn kò fi idán ṣe é. Wọ́n fi àyẹ̀wò, oògùn, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í sinmi lórí ọ̀rọ̀ omi tí ó dúró ṣe é ni. Òjò wa pọ̀ jù tiwọn. Èyí ni pé iṣẹ́ wa yóò pẹ́ ju tiwọn lọ, kì í ṣe pé kí a má bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Pápálántò, bí wolé-wolé kan tí ó ti fẹ̀yìn tì bá wà ní àdúgbò yín, ẹ pè é wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ tí ń bọ̀. Ẹ fún un ní àga iwájú. Ẹ jẹ́ kí ó sọ fún àwọn ọ̀dọ́ ibi tí omi máa ń dúró sí ní ìlú yìí, nítorí pé ó mọ̀ ọ́n ju àwòrán ilẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo yín gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, kí ẹ tẹ̀lé e lọ síbẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìyìn tí Dókítà Olúwọlé àti àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò gbọ́ nìyẹn.